Ọ̀nà Tí Láoyè Là

Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ojú ọkùnrin kan tó ṣe kòńgẹ́ ojú obìnrin kan láàárín èrò ló bí i? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ní ìlú Ìgbóyè, omíyalé gbé agbo ilé mẹ́jọ lọ. Ọba ní kí wọ́n tẹ àdúgbò tuntun dó sórí òkè fún àwọn tí omi lé jáde. Ó pe gbogbo ìlú jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà tó dára: ẹni méjì tó ru igi ìdáná gbọ́dọ̀ lè pàdé lórí rẹ̀ láìforí gbárí, ojú àgbàrá gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá sì dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí òpin rẹ̀ gbangba.

Láoyè ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò là á. Bó ṣe bọ́ síwájú láti dọ̀bálẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ti Àríkẹ́, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí kò nílé mọ́. Ariwo èrò pa rọ́rọ́ létí rẹ̀. Ó dúró gbagidi.

Ọba ní, "Láoyè, ṣé ilẹ̀ ń gbóná ni?"

Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún un, nítorí òjò ti ń ṣú. Bí ọ̀nà náà kò bá yege, inú ilé àna wọn tí wọ́n sá sí ni àwọn ará Àríkẹ́ yóò máa há mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Láoyè sì fi àdá ṣán igbó bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àríkẹ́ gbé omi wá. Ó wo ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà yín mà wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́!"

"Ta ni? Èmi tí mo ti ń la ọ̀nà oko láti kékeré?"

"Ẹ wá dúró síbi tí mo dúró sí ná."

Láoyè padà síbẹ̀. Ó rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀nà oko tó mọ́ ọn lára kò kọ̀ kó yípo igi. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ṣán igbó sì ti ń tì í sí òsì díẹ̀díẹ̀.

Àríkẹ́ bá mú wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ó ri ọ̀pá méjì mọ́lẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ó fún Láoyè ní ẹ̀kẹta kó máa rì í síwájú bó ṣe ń lànà. Ó ní, "Bí èyí àkọ́kọ́ bá ti bo méjì yòókù lójú mi, ẹ máa lọ. Bí ọ̀kan bá yọjú, màá pariwo."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pariwo. "Ẹ yà sọ́tùn-ún! Ẹ̀gbọ́n, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò, èmi ni mò ń wo ẹ̀yìn!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn òṣìṣẹ́.

Lọ́jọ́ keje, ọba dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ó rí adìẹ kan tó ń jẹ̀ ní òpin rẹ̀. Ó yin Láoyè.

Láoyè dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àríkẹ́ ló bá mi wò ó."

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè gbà kí ẹlòmíì bá òun wo àṣìṣe tí ojú òun kò tó. Ní ti Láoyè, nígbà tí àwọn ará Àríkẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé wọn lọ́wọ́, ó sún mọ́ Àríkẹ́, ó fa àrokò tó ti ń bẹ̀rù àtifi jíṣẹ́ yọ lápò: owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ kí wọ́n dojú kọra, lẹ́tà ẹni tó fẹ́ máa rí ọ lójoojúmọ́. Ó fi lé e lọ́wọ́.