Ọwọ́ Tí Kò Kúrò Lórí Kẹ̀kẹ́

Ní ìlú kan tí wọ́n sé odò rẹ̀ di adágún, ọkùnrin kan wà tó ń ta pákó. Bó bá ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dìde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbé pákó, òun ń jẹun. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú rẹ̀ wọlé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí ara yín o." Ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọjọ́ orí tí bàbá náà wà nígbà yẹn lòun náà sì wà yìí. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú náà, Ẹgbẹ́ Eléré Mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò lọ́jú pọ̀. Wọn á lúwẹ̀ẹ́ la adágún já, bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ wọn á gun kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn á tún sáré. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdíje, ẹni tó bá sì ti ṣe é parí, gbogbo ìlú ló ń yẹ́ ẹ sí. Onípákó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá lè parí ìdíje yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun á mọ̀ pé òun kò ní dùbúlẹ̀ bíi bàbá òun. Ohun tó ń wá nìyẹn, kò sì burú rárá.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìṣòro fún un. Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, láti kékeré ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé iṣu lọ sọ́jà lójú ọ̀nà olókùúta. Eré sísá náà, ó lè máa fà á díẹ̀díẹ̀. Omi ni kò mọ̀. Bí omi bá ti dé orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti yí padà.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọn á so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó mọ ohun tí òun kò mọ̀, tí kò sì mọ ohun tí òun mọ̀. Olórí wọn, ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, a máa sọ fún wọn pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó wá so onípákó pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì kan. Ọmọ etí òkun ni nọ́ọ̀sì yìí, ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi ni wọ́n bí i sí, kó tó mọ ìrìn ló ti mọ omi. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà kó tó kọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá ti gorí rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Obìnrin náà mú sùúrù. Yóò mú onípákó dé ibi tí omi ti dé igbáàyà, yóò ní kó sùn sẹ́yìn, yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé e lábẹ́ ẹ̀yìn. "Ẹ má bá omi jà, bùọ̀dá," ni yóò máa wí. "Ọwọ́ mi wà níbẹ̀." Níbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà a máa dì mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sí kànga. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀. Ó wá dé ibi tó lè lọ díẹ̀ kó tún bọ̀, bí ọwọ́ obìnrin náà bá ṣáà ti wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì ní kó má fòyà, pé lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun yóò wà títí wọn á fi gúnlẹ̀ lódìkejì.

Ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ onípákó kò ju kó ṣọ́ obìnrin yìí lójú títì. Gbọ́ bó ṣe ṣe é.

Àwọn eléré yìí, bí wọ́n bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n máa ń tẹ̀lé ara wọn ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, táyà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Ẹni iwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ sáyà, kó má baà dá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ọ̀nà. Ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló ń rí. Nítorí náà wọ́n ní òfin kan tí kò gba àwáwí: bí ẹni iwájú bá rí kòtò, yóò na ọwọ́ sísàlẹ̀ sí ìhà tí kòtò náà wà. Ẹni tó tẹ̀lé e yóò na tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa nà án títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá fi ọwọ́ rẹ̀ sílé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí.

Onípákó kórìíra ọwọ́ nínà yìí. Bí olórí bá ń wò ó, á nà án lábọ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Bí olórí bá ti yíjú, ọwọ́ méjèèjì á padà sórí irin kẹ̀kẹ́. Wọ́n bá a sọ ọ́, wọ́n tún bá a sọ ọ́, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àwáwí rẹ̀ kì í tán. Lónìí, ọwọ́ tó bá kúrò lórí irin ń dín eré òun kù. Lọ́la, ṣé ẹni ẹ̀yìn kò lójú ni? Ṣùgbọ́n èyí tó ń sọ jù, tó sì gbà gbọ́ dénú, ni pé: "Nígbà tí mò ń gbé iṣu lọ sọ́jà, ta ló na ọwọ́ fún mi? Mo ṣubú, mo dìde, mo gbọ́n. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

Olórí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ti jìn sí i. Àwa ni ará yòókù. Ọgbọ́n náà dà?"

Onípákó rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Má tíì dá mi lóhùn, ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí. Jẹ́ kí n parí.

Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n jáde láàárọ̀ Sátidé kan. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la igi, kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ òkè, àgbàrá ti jẹ ọ̀dà títì, ó ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, omi sì kún un dẹ́nu. Bó o bá rí i, wàá ní omi òjò lásán ni. Olórí rí i, ó na ọwọ́. Ẹni tó tẹ̀lé e na ọwọ́. Ó wá kan onípákó. Ó rí ọwọ́, ó rí kòtò, ó yà fún un wẹ́rẹ́, kódà inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe yà á. Òkè tó wà níwájú ló ń wò, ó fẹ́ fi eré gùn ún, ó di irin mú ṣinṣin. Nọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìró tó gbọ́ ló mú un bojú wẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ obìnrin náà ti lọ sọ́tọ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú sáyà. Ọrùn ọwọ́ náà ti kán. Kò ké. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Olórí sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó ní kí wọ́n lọ pe mọ́tò wá. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí onípákó.

"Ṣé o rí kòtò yìí?"

"Mo rí i, sà."

"Ṣé wọ́n na ọwọ́ fún ọ?"

"Wọ́n nà án."

"Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Onípákó wolẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó ti dé ètè rẹ̀, ló bá gbé e mì. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣùgbọ́n sà, èmi kọ́ ni mo gbẹ́ kòtò náà."

Ọ̀gá sójà bọ́ akoto orí rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan létí títì. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nọ́ọ̀sì ló fọhùn látinú ẹrẹ̀, kò sì pariwo. Ó ní, "Ẹ bá mi bi bùọ̀dá léèrè, sà, ṣé èmi ni mo bu omi sínú adágún?"

Wọ́n di ọwọ́ náà nílé ìwòsàn, wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan omi. Olórí béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé ta ni yóò bá onípákó lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ìdíje. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò. Wọn kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gbé ẹni tí kò ní na ọwọ́ fún un sókè nínú omi? Onípákó ní kò sí wàhálà, òun ti mọ omi. Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Síbẹ̀ ó ra ọsàn, ó lọ kí nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ kú ìnira o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ọsàn kalẹ̀ síwájú obìnrin tí ọwọ́ kan ṣoṣo kù fún, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹni ọlọ́wọ́ kan kò lè bó ọsàn. Obìnrin náà dúpẹ́. Odidi ni ọsàn náà wà níbẹ̀ nígbà tí àlejò lọ.

Ìdíje dé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kó gbogbo kẹ̀kẹ́ lọ sí òdìkejì adágún, wọn á tò ó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó gba inú omi lọ bá a. Wọ́n fọn fèrè, gbogbo wọn dà sómi. Onípákó wọ̀ ọ́ dé igbáàyà. Ó sùn lé omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ń wá àtẹ́lẹwọ́ kan, kò rí i. Ó bá omi jà, ó mu ún, ó dìde dúró, ó wúkọ́. Nọ́ọ̀sì wà létí omi pẹ̀lú ọwọ́ tó kọ́ sọ́rùn, ó ń ké sí i pé, "Ẹ má bá omi jà, bùọ̀dá. Ẹ ta ẹsẹ̀." Ó gbọ́ ọ, ó tún gbìyànjú, ó tún mu omi. Ohùn kì í ṣe ọwọ́.

Àwọn tó kù ti di orí wẹ́wẹ́ lókèèrè. Wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ń mú kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ó fi ku ẹyọ kan. Tirẹ̀ ni. Ó ti nù ún títí ó fi ń dán, oòrùn sì ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gùn ún bíi tirẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì dúró sínú omi, ó ń wò ó, kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀. Ó yí padà, ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó dúró níwájú nọ́ọ̀sì, ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì.

Ó ní, "Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi."

Obìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ti wá sọ ọ́. Ìdíje sì ti lọ.

Oyèdòkun, mo ti parí. Àtìgbà tí mo ti dé ibi kòtò lo ti ń wolẹ̀, nítorí náà má sọ fún mi pé o ò mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Àbúrò rẹ obìnrin fẹ́ lọ́kọ. Sátidé yìí ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìwọ àti ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ yẹn ti jọ gbélé rí, ògiri kan ló wà láàárín yín. O gbọ́ bó ṣe ń lu ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, o gbọ́ ọ títí obìnrin náà fi kó jáde. Kí lo ṣe? O kó àwọn ọmọ rẹ lọ sí àdúgbò mìíràn kí wọ́n má baà máa gbọ́ irú ẹ̀. O yà á wẹ́rẹ́. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tó ò sọ fún ọmọ náà, o ní wọ́n á ní ò ń jowú. Mo tún bi ọ́, o ní ọkùnrin a máa yí padà, o ní àbúrò rẹ náà kì í ṣọmọdé. Lónìí o tún jókòó síbẹ̀ yẹn, o ní, "Bàbá, ṣé èmi ni mo mú un wá fún un ni?" Ó sú mi, Oyèdòkun. Mo sọ ọ́ gbangba, ó sú mi.

Nígbà tí ìyàwó rẹ bí ìbejì, tí ọsibítù ò jẹ́ kó wálé, ta ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó wá pọn ọ̀kan, tó gbé ọ̀kan dání? Ṣé òun ló lóyún wọn ni? Ọwọ́ ta ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ nígbà yẹn?

Àbúrò rẹ yẹn kò rí ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìwọ ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀ ló ń wò. Bó bá rí i pé ò ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, tí ọwọ́ rẹ ò mì, yóò rò pé títì ń dán ni. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo gbọ́ sọ ni. Ìwọ lọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Bó bá gbọ́ tán tó ní òun ṣì ń lọ, a óò jọ mọ bí a ó ti ṣe é, ṣùgbọ́n kó gbọ́ ná. Má jẹ́ kó jẹ́ pé orí ibùsùn ọsibítù lo máa gbé ọsàn lọ bá a.

Fóònù rẹ wà lápò. Yọ ọ́, kó o pè é látibi tó o jókòó sí yẹn. Mo ń dúró.