Arúgbó Tó Ń Sáré Nínú Ẹ̀gún

Mo fi irin kan ẹnu, òótọ́ ni ìtàn yìí. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Orí òkè ni ìsun omi ìlú Ẹsẹ̀òkè wà. Bí wọ́n bá bímọ, ìyá bàbá ọmọ ló ń gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ láti lọ pọn omi tí wọ́n máa fi kan ọmọ lórí. Ó gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó kan àtẹ́rígbà ilé. Ẹni tó bá pọn omi náà ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí ìyá náà kò bá lè gun òkè, orogún rẹ̀ ni yóò gùn ún.

Ẹfúnbọ̀wálé ti darúgbó. Ọ̀jẹ́dìran nìkan ló bí, ìyàwó Ọ̀jẹ́dìran sì pẹ́ gan-an kó tó lóyún. Nígbà tí oyún hàn, Ẹfúnbọ̀wálé dán òkè wò. Kò tíì dé ìdajì tí ó fi ṣubú. Àwọn aṣẹ́gità ló gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Orogún rẹ̀, Ayọ̀ká, wá kí i. "Ìyáálé mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti ní orúkọ nílẹ̀ fún ọmọ náà."

"Orúkọ wo?"

"Ayọ̀ká Kékeré."

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́?"

"Yóò mọ́ ọn lára."

Láti ọjọ́ kejì ni Ẹfúnbọ̀wálé ti ń jí wọ ọ̀nà ẹlẹ́gùn-ún. Á fún ìró mọ́ra, á sáré gun òkè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, títí èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Á jókòó sórí àpáta títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Á tún sáré. Nígbà tó yá, ó ń kọjá àpáta náà kó tó jókòó.

Àwọn ará ìlú rí i. Ayọ̀ká wá sọ̀rọ̀ síbẹ̀. "Oyún wà nílé wa, arúgbó ń sá wọgbó láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀yin náà sì dákẹ́." Kò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é. "Ìyá, kí lẹ ń lé kiri inú ẹ̀gún?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni."

Ẹnu ya àwọn tó pé jọ. Àwọn kan ti dìde.

"Kí ló wá ń lé yín?"

"Ogbó ni, Baálẹ̀. Bí mo bá rìn, á bá mi."

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn ará ìlú. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ṣáájú rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà, irọ́ ló pa fún wa. Yóò fi ìlú yìí sílẹ̀."

Ìyàwó bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí dúró lójúde Ọ̀jẹ́dìran. Oòrùn bọ́ sórí òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Ayọ̀ká ti pọn omi tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé orù náà ka orí. Ìtànṣán kù díẹ̀ kó kan àtẹ́rígbà nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹ̀gún. Ẹfúnbọ̀wálé já síta pẹ̀lú eré, ẹ̀jẹ̀ lójúgun, orù lórí, omi kò dà. Ó sá kọjá lára Ayọ̀ká wọlé.

"Ẹ sọ ọ́ lórúkọ," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ n mí ná. Orúkọ kò ní sá lọ."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa: omi náà dà. Èyí tó kù nísàlẹ̀ orù kò ju ohun tó lè mú àtàrí ọmọ tutù lọ, òun náà ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ.