Ẹyọ Àsálà Kan Tó Ń Ṣẹ́ Kù

Àlọ́ o!
*Àlọ̀!*

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ Òkété, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó pín àsálà tí wọ́n jọ ṣà nínú igbó. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ẹyọ kan ni.

Wọ́n jẹ́ mẹ́fà níbẹ̀, Òkété pẹ̀lú. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ariwo ta! Wọ́n ní Ọ̀yà ló fi ẹyọ kan kún un kó lè dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n lé e. Òkété da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pín in sí márùn-ún. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ!

Ẹyọ kan ṣẹ́ kù!
*Ta ló ni ín o?*
Mo pín in títí!
*Ta ló ni ín o?*

Wọ́n tún lé Ọ̀kẹ́rẹ́. Òkété pín in sí mẹ́rin. Ẹyọ kan tún jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Orí Òkété dàrú. Ó ní, "Àbí àsálà yìí ń bímọ ni?"

Dúródọlá, má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni Ìgbín wọ́ dé. Òun ló kọ́kọ́ rí igi àsálà náà, òun ló pè wọ́n síbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, tí ẹ dúró dè mí."

Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Wọ́n pe Ọ̀yà àti Ọ̀kẹ́rẹ́ padà. Òkété pín in sí méje: mẹ́tàlélógójì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bí irọ́ ni mo pa, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lọ́la, kí ẹ pín in wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀.