Ọkùnrin Tó Ń Wọ Táì Nínú Ilé Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ògiri ni tábìlì rẹ̀ kọjú sí. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nígbà tó bá sì fi máa padà dé, oúnjẹ rẹ̀ á ti tutù, ìyàwó rẹ̀ á ti máa tòògbé lórí àga. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe lọ́fíìsì, ìwé kíkọ nìkan ló dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun jókòó sílé, kí òun máa kọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́: ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí, eré orí rédíò. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ni yóò máa san owó oṣù. Ó ní kò sí owó oṣù níbẹ̀, iṣẹ́ tí èèyàn bá rí ni yóò ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú kí obìnrin náà gbà. Ó ní, "Mo fẹ́ máa rí ojú rẹ lọ́sàn-án."

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó wá sọ yàrá kan di ọ́fíìsì, ó sì tún kọ ojú tábìlì sí ògiri. Láràárọ̀, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á so táì mọ́rùn, á wọlé síbẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Aláǹgbá kan tó ń gbé lójú fèrèsé nìkan ló ń rí táì náà. Ó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣe kí òun bí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ìkíni ń tú ọ̀rọ̀ ká mọ́ òun lọ́kàn. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, àárín wa náà ni ọkùnrin yìí ti fòfin de ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Á gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, á fi àwo dé e, á rọra padà. Má dá ọkùnrin náà lẹ́bi jù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ.

Iṣẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba náà pé kó gbà á padà, ọ̀gá sì ní àyè rẹ̀ ṣì ṣófo, kó fèsì kí oṣù tó parí. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ rédíò kan ní kó kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa kà láràárọ̀, lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí ń mú inú èèyàn dùn nínú ilé. Ọkùnrin náà sọ nínú ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá gba èyí, òun ti di òǹkọ̀wé nìyẹn. Bí wọn kò bá gbà á, òun yóò padà sídìí tábìlì ìjọba, òun kò sì ní ráhùn mọ́.

Ó kọ ọ́. Ó ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní ìdùnnú, ó pín in sí oríṣiríṣi, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tì í lẹ́yìn. Obìnrin tó ń bójú tó ètò náà kà á, ó sì pè é lórí fóònù. Ó fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwé yín mọ́ tónítóní, sà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó ń jẹun nínú rẹ̀." Ó ní kó tún un kọ, pé bí èkejì bá tún rí bákan náà, òun yóò wá ẹlòmíràn.

Ọkùnrin náà padà sí yàrá rẹ̀, ó wo ògiri títí. Ó ń wá ohun kékeré kan tó dùn mọ́ ọn lọ́sẹ̀ yẹn, kò rí. Ó wá ti oṣù yẹn, kò rí. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí ohun tó tìtorí rẹ̀ kúrò lọ́fíìsì nìyẹn. Ibi tó ti ń ro èyí ni iná ti lọ. Fáànù dúró, yàrá gbóná, táì ń fún un lọ́rùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àpótí lábẹ́ ìbòòji, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì àti táì, òógùn bò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ tó ti ìrìn àjò dé.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Mọ́yọ̀. Ẹ mà pẹ́ níbẹ̀ o."

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ pé òun kò lọ síbì kankan, pé inú ilé lòun wà látàárọ̀. Ó tú táì náà, ó fa àpótí kan mọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀gúsí díẹ̀ fún un. Kò mọ̀ ọ́n bó mọ́, ó ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, obìnrin náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń ju èyí tó fọ́ sẹ́nu. Télọ̀ ojúlé kejì na ọrùn láti ẹ̀yìn ògiri, ó ní ẹ kú ìjókòó, ọkùnrin náà sì dáhùn. Atẹ́gùn gbé òórùn òjò wá láti àdúgbò ibòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ wá jẹ́wọ́ fún un pé látìgbà tó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni adìyẹ àwọn ti ń yé sínú bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, pé ẹyin inú bàtà náà lòun ń dín fún un láràárọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé inú òun ń dùn. Iná dé, kò dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé tábìlì jáde sẹ́yìnkùlé. Ó kọ̀wé nípa ẹ̀gúsí bíbó, àti nípa adìyẹ tó fi bàtà ṣe ilé. Obìnrin rédíò kà á, ó tún pè é. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti kìlọ̀ fún mi, sà. Mi ò tíì jẹun kí n tó kà á." Ọkùnrin náà ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi àyè ọ́fíìsì náà fún ẹlòmíràn.

Mopélọ́lá, ọmọ àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọjọ́ tí o fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ kí o lè máa kọ̀wé, gbogbo wa la gbàdúrà fún ọ, inú mi sì dùn sí ọ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, ojú rẹ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. O ní ẹ má bínú bàbá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bínú. Mo kàn rí i pé o ti kúrò ní báńkì, báńkì ni kò tíì kúrò lára rẹ. Ohun tí o ń wá láti kọ kò sí lára ògiri tí o kọjú sí yẹn. Mo ra àgbàdo sísun lọ́nà, mo ra àgbọn mọ́ ọn, ó ṣì gbóná. Ìyá rẹ ti tẹ́ ẹní síta. Dìde, jáde wá bá wa jókòó.

Káàbọ̀, ọmọ mi.