Ìrìn Ọba Akàn

Ààlọ́ o!
“Ààlọ̀!”
Àsàmú, jókòó dáadáa! Àlọ́ mi fẹ̀gbẹ́ rìn, fẹ̀gbẹ́ rìn, ó kan Akàn, ọba etíkun. Gbogbo ọjà etí òkun, òun ló ni ín, síbẹ̀ kò tó o. Ó wakọ̀ kọjá òkun, ó ṣẹ́gun erékùṣù àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n máa ru ẹyìn wá sínú ọkọ̀ òun. Ó tún ní: “Ìrìn wa ni ìrìn ọ̀làjú. Ẹ ò gbọdọ̀ rin òmíràn mọ́!”

Wọ́n ru ẹyìn, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ gbè é:

Ìrìn ta là ń rìn?
“Ìrìn ọba!”
Ibo lẹrù ń lọ?
“Ìrìn ọba ló mọ̀!”

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹrù wọgbó. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ ọ̀sà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọba fúnra rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ kọ lù ú gbì, adé bọ́ sómi!

Akàn figbe ta: “Ó tó! Ẹ máa rin ìrìn tiyín!”

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀: “Kábíyèsí, ṣé àṣẹ nìyẹn?”

“Àṣẹ ni!”

Ni àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹrù-tẹrù bá gba orí ọ̀pẹ lọ wìì! Akàn dúró nísàlẹ̀, ó ń wòkè.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló rí akàn lórí ọ̀pẹ rí? Bí mo bá purọ́, kí n fẹ̀gbẹ́ rìn délé.