Ilé Pẹ́pẹ́yẹ Òkun

Ní erékùṣù apẹja kan ní Nọ́wè, wọ́n a máa kọ́ ilé pákó kékeré fún pẹ́pẹ́yẹ òkun. Bó bá pa ọmọ tán tó sì kó wọn lọ, ìyẹ́ tó tẹ́ sábẹ́ ẹyin di ti onílé, wọ́n á fi rán ìbora òtútù.

Nígbà tí ìyàwó Élìfù lóyún, ara kán ọkọ láti rí ìyẹ́ fún ìbora ọmọ. Ó lé ẹyẹ dìde lórí ẹyin. Ẹyẹ ṣu sórí ìyẹ́, ó fò lọ.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Tórà ìyá rẹ̀ wí. "Tún ilé ẹyẹ náà ṣe."

Lọ́dún kejì, Élìfù pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ ló fi ń tukọ̀ kọjá lẹ́bàá ilé ẹyẹ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tórà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, bàtà lọ́wọ́ kan, ọmọ lọ́wọ́ kejì. Tórà fẹ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

"Ẹ rọra, Ìyá mi," Élìfù dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹyẹ náà ti padà dé."