Dókítà Tó Ní Kí Wọ́n Pe Dókítà

Oyè téèyàn ò tíì jẹ ló máa ń dùn ún dáhùn sí jù. Ọjọ́ tí Fọ́lárìn rí àyè wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ dókítà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Dókítà, òun náà sì ń dáhùn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní kó wá fi ọlidé ṣe lẹ́sìn ìmúrasílẹ̀, kójú rẹ̀ lè mọ ọsibítù díẹ̀díẹ̀, ó yọ ṣùtì sí i.

"Kí ni mo tún fẹ́ múra sí? Ṣé mi ò tíì yege ni?"

Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní, "Ọmọ mi, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Ìyá àgbà. Ìdúpẹ́ ló yẹ ká máa múra sí."

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Fọ́lárìn wọ kóòtù funfun tó balẹ̀ dé orúnkún, ó ń jó lọ síwájú pẹpẹ bí ẹni tó ti jí òkú dìde rí. Wọn ò tíì jó jìnnà tí Ìyá àgbà fi ṣubú lulẹ̀ gbì, tó dijú pa.

"Dókítà! Dókítà o!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí Fọ́lárìn.

Fọ́lárìn káwọ́ lérí, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà lọ. "Ẹ gbà mí o! Ẹ pe dókítà!"

Ìyá àgbà la ojú kan.

"Ẹ jẹ́ ó máa sáré lọ," ó ní. "Kó ṣáà má dúró títí yóò fi dé ibi lẹ́sìn."